Kí ló dé tí wọ́n fi padà wá kú ní Corinth?

Òǹkàwé wa kan tó ń gbé ní Memphis, ní ìpínlẹ̀ Tennessee, kọ̀wé sí mi pé òun àti àwọn ọmọ òun wa mọ́tò lọ sí Corinth ní Mississippi, láti lọ wo ibi tí wọ́n ti ja Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà. Wọ́n dúró níbi tí ojú irin méjì ti dábùú ara wọn, wọ́n wò yíká, ọ̀rọ̀ náà kò sì yé wọn. Ìbéèrè rẹ̀ rèé:

"Mo kà á pé lẹ́yìn tí Gúúsù, ìyẹn àwọn ìpínlẹ̀ tó ya kúrò lára Amẹ́ríkà, pàdánù Corinth ní oṣù Karùn-ún ọdún 1862, ọ̀gágun wọn tó ń jẹ́ Bragg ṣì fi ọkọ̀ ojú irin kó ọmọ ogun lọ sí Chattanooga láti ọ̀nà mìíràn, ó sì débẹ̀ ṣáájú ọ̀tá rẹ̀. Bí ọ̀nà mìíràn bá wà, kí ló dé tí wọ́n tún fi padà wá fi ẹ̀mí ṣòfò ní Corinth ní oṣù Kẹwàá? Ọmọbìnrin mi náà ní kí n bá òun béèrè: ibo ni àwọn ènìyàn dúdú wà nínú gbogbo rẹ̀?"

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Ẹ bá mi kí ọmọ yín dáadáa, nítorí ohun tó béèrè yẹn ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ ìtàn ogun yìí máa ń fò kọjá. Ìbéèrè méjèèjì ni mo máa dáhùn, ẹ ó sì rí i pé ọ̀kan wà nínú èkejì.

Òótọ́ ni pé ọ̀nà mìíràn wà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo irú ọ̀nà tó jẹ́. Láti Corinth sí Chattanooga, bí ọkọ̀ ojú irin bá gbà á tààrà, ó fi díẹ̀ lé ní 200 máìlì. Nígbà tí Bragg gbéra láti Tupelo, ìlú kan ní gúúsù Corinth, ní oṣù Keje, tí Corinth ti bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá, gúúsù ló kọ́kọ́ kọrí sí. Ó kó ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ bí 30,000 sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Mobile létí òkun. Wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi sọdá níbẹ̀, wọ́n tún wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Montgomery, láti Montgomery sí Atlanta, kí wọ́n tó wá yíjú sí àríwá lọ sí Chattanooga. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 776 máìlì, lórí ojú irin mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn ẹṣin, ìbọn àgbá àti kẹ̀kẹ́ ẹrù kò lè bá wọn lọ. Ilẹ̀ ni ìyẹn gbà, wọ́n la Alabama kọjá.

Iṣẹ́ ńlá ni Bragg ṣe, mi ò ní fi du ú. Ṣùgbọ́n ènìyàn lásán ló kó, ẹ̀ẹ̀kan ló sì kó wọn. Ta ni yóò máa gba 776 máìlì lójoojúmọ́ láti gbé àgbàdo, ẹran oníyọ̀, ẹ̀tù ìbọn, bàtà àti oògùn fún ogun? Ọ̀nà tí jagunjagun lè sáré gbà lẹ́ẹ̀kan àti ọ̀nà tí wọ́n lè máa fi bọ́ jagunjagun, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Corinth ni Gúúsù fi ń ṣe èkejì, òun ni wọ́n sì pàdánù.

Ojú irin àkọ́kọ́ tó gba ibẹ̀ kọjá ni ti ilé-iṣẹ́ Mobile and Ohio. Láti Mobile létí òkun ló ti ń bọ̀, ó lọ tààrà sí àríwá títí dé Columbus ní Kentucky, létí odò Mississippi. Èkejì ni ti Memphis and Charleston, tó ti ìlú yín wá sí ìlà-oòrùn, tó gba àríwá Alabama, tó sì so mọ́ ojú irin tó ń lọ sí Chattanooga, láti ibẹ̀ sí Virginia tàbí sí Georgia. Kò sí ojú irin mìíràn ní Gúúsù nígbà náà tó ti odò Mississippi lọ sí ìlà-oòrùn láìjá. LeRoy Pope Walker, ẹni tó kọ́kọ́ jẹ́ mínísítà ogun Gúúsù, pè é ní egungun ẹ̀yìn wọn. Ìpàdé ojú irin méjèèjì ló bí ìlú náà. Nǹkan bí ọdún 1854 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó, Cross City ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń pè é, kí wọ́n tó fún un lórúkọ ìlú Gíríìkì tí a mọ̀ nínú Bíbélì. Nígbà tí ogun fi bẹ̀rẹ̀, àwọn ènìyàn ibẹ̀ kò ju bí 1,200 lọ. Ìdí nìyẹn tí ó fi rú yín lójú. Ìlú náà fúnra rẹ̀ kò tó nǹkan. Ohun tó kóra jọ síbẹ̀ ló tó nǹkan.

Ẹ má gbàgbé bí ojú ọ̀nà ìgbà yẹn ṣe rí. Ilẹ̀ pupa lásán ni. Bí òjò bá rọ̀ díẹ̀, kẹ̀kẹ́ ẹrù á rì dé àárín táyà onígi rẹ̀. Ìbaaka ló ń fà á, ìbaaka náà sì ní láti jẹun. Bí ìrìn bá ṣe ń gùn sí i ni oúnjẹ tó yẹ kó kàn ṣọ́jà ń wọ ikùn ẹran tó ń gbé e. Ogun tó bá jìnnà sí ojú irin tàbí odò, ebi ni yóò kọ́kọ́ pa á. Nítorí náà, nígbà tí Halleck, ọ̀gágun ìjọba àpapọ̀ (ìhà Àríwá tó ń bá Gúúsù jà), kọ̀wé sí Washington pé Richmond àti Corinth ni ibi tó ṣe kókó jù nínú ogun náà, kò sọ àsọdùn. Richmond jẹ́ olú-ìlú Gúúsù. Ẹ wo ìlú tí wọ́n fi wé e.

Nítorí Corinth ni wọ́n ṣe ja ogun Shiloh pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ kọ́ ni wọ́n ti jà. Grant, ọ̀gágun ìjọba àpapọ̀, ti kó ọmọ ogun rẹ̀ gúnlẹ̀ sí Pittsburg Landing létí odò Tennessee, 22 máìlì péré sí Corinth, ó ń dúró de Buell, ọ̀gágun ẹgbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n jọ lọ gba oríta náà. Albert Sidney Johnston, ọ̀gágun Gúúsù, kò dúró kí wọ́n dé bá òun. Ó jáde láti Corinth, ó sì kọlù wọ́n ní 6 oṣù Kẹrin. Johnston kú lọ́jọ́ náà. Ní ọjọ́ méjì, àwọn tó kú, tó fara gbọgbẹ́ tàbí tó sọnù ní ìhà méjèèjì lé ní 23,000. Beauregard, tó gba ipò Johnston, kó ìyókù padà sí Corinth.

Halleck fúnra rẹ̀ ló wá darí ogun tó tẹ̀ lé e, pẹ̀lú ọmọ ogun tó lé ní 100,000. Ẹ̀rù Shiloh ṣì ń bà á. Bó bá rìn díẹ̀, yóò ní kí wọ́n gbẹ́ yàrà. Wọ́n á tún rìn díẹ̀, wọ́n á tún gbẹ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á ní oṣù kan gbáko láti rìn bí 20 máìlì. Nínú ìlú, àìsàn ń pa àwọn ará Gúúsù ju ìbọn lọ. Omi Corinth kò dára, ibà àti ìgbẹ́ ọ̀rìn sì ń jà. Òtẹ́ẹ̀lì Tishomingo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oríta ojú irin náà ti di ilé ìwòsàn. Beauregard mọ̀ pé òun kò lè dúró.

Ohun tó ṣe ní alẹ́ 29 oṣù Karùn-ún, mo fẹ́ràn láti máa sọ ọ́, nítorí ojú irin yẹn gan-an ló fi tan ọ̀tá jẹ. Ó ní kí ọkọ̀ òfìfo máa wọlé, kí wọ́n máa fọn fèrè. Bí ọkọ̀ kan bá ti dé, àwọn ọmọ ogun tó wà nítòsí á hó yèè, bí ẹni pé àwọn ará wọn ló dé láti wá ràn wọ́n lọ́wọ́. Pope, ọ̀gágun kan lábẹ́ Halleck, gbọ́ ariwo náà láti ẹ̀yìn yàrà rẹ̀, ó ránṣẹ́ sí Halleck pé àfikún ọmọ ogun ń dé fún ọ̀tá, àti pé wọn yóò kọlu àwọn bí ilẹ̀ bá mọ́. Àṣé àwọn aláìsàn àti ẹrù ni ọkọ̀ wọ̀nyẹn ń kó jáde. Wọ́n gbé ìtì igi sórí odi kí ó jọ ìbọn àgbá. Wọ́n fi àwọn díẹ̀ sẹ́yìn pé kí wọ́n máa kó igi sínú iná, kí wọ́n sì máa lu ìlù ogun bí ti gbogbo alẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìlú ti ṣófo. Halleck gba oríta náà, ṣùgbọ́n ogun tó yẹ kó mú wà ní ojú ọ̀nà Tupelo. Ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀, ní 6 oṣù Kẹfà, Memphis náà bọ́.

Àwọn tó gbà á wá rí i pé gbígbà rọrùn ju lílò lọ. Halleck rán Buell lọ sí Chattanooga, ó ní kó máa tún ojú irin Memphis and Charleston ṣe bó ṣe ń lọ. Ojú irin náà kò sí lẹ́yìn rẹ̀ bí ọ̀nà ìpèsè. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tá ló gbà lọ gbọọrọ. Bí wọ́n bá tún afárá kan ṣe lónìí, ẹlẹ́ṣin Gúúsù á jó òmíràn lọ́la. Báyìí ni Bragg ṣe gba 776 máìlì tó sì ṣáájú ẹni tó gba ọ̀nà tààrà. Ìyẹn kò sọ Corinth di yẹpẹrẹ. Ohun tó fi hàn ni pé èrè tó tóbi jù tí ìjọba àpapọ̀ jẹ nídìí rẹ̀ ni pé ọ̀tá kò lè lò ó mọ́.

Ẹ wá jẹ́ ká dé oṣù Kẹwàá. Nígbà tí Bragg lọ, ó fi àwọn ọ̀gágun Van Dorn àti Price sílẹ̀ ní Mississippi. Bragg ti wọ Kentucky, Lee, ọ̀gágun Gúúsù ní ìlà-oòrùn, ti wọ Maryland, ó sì dà bí ẹni pé Gúúsù lè borí ní ibi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà. Van Dorn rò ó pé bí òun bá gba Corinth, àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Bolivar àti Jackson ní Tennessee kò ní lè dúró mọ́. Òun á lé wọn kúrò ní ìwọ̀-oòrùn Tennessee, òun á sì lọ ran Bragg lọ́wọ́. Ní tèmi, èrò náà kò burú. Ọ̀nà tó gbà ṣe é ló burú. Price ti kọ́kọ́ forí gbárí pẹ̀lú Rosecrans, ọ̀gágun ìjọba àpapọ̀, ní Iuka nítòsí Corinth ní 19 oṣù Kẹsàn-án, ó sì ní láti sá lóru. Van Dorn wá so ogun tirẹ̀ àti ti Price pọ̀, wọ́n jẹ́ bí 22,000. Rosecrans ní bí 23,000 ní Corinth, ó sì wà nínú yàrà. Ẹni tó fẹ́ kọlu odi pẹ̀lú ènìyàn tí kò tó ti ẹni tó wà nínú odi, ó yẹ kó ti rán amí lọ wo odi náà dáadáa. Van Dorn kò ṣe é.

Ní 3 oṣù Kẹwàá, láti ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n ti wá. Yàrà tó kọ́kọ́ dojú kọ wọ́n ni èyí tí Gúúsù fúnra wọn gbẹ́ ní ìgbà ìrúwé láti fi dá Halleck dúró. Wọ́n gbà á. Wọ́n lé àwọn ọ̀tá sẹ́yìn ní gbogbo ọ̀sán. Ọ̀gágun Hackleman ti ìjọba àpapọ̀ kú, Oglesby fara gbọgbẹ́ tó lágbára. Ṣùgbọ́n òòrùn ọjọ́ náà mú gan-an, ó lé ní 90 ní òṣùwọ̀n Fahrenheit. Àwọn ọmọ ogun Van Dorn ti rìn láti Chewalla láàárọ̀, omi kò sì sí lójú ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ṣubú láìjẹ́ pé ọta kankan bà wọ́n. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, tí ìlú ti wà níwájú wọn, Van Dorn ní kí wọ́n dúró títí di ọjọ́ kejì.

Òru yẹn ló pa wọ́n. Rosecrans fi kó gbogbo ènìyàn rẹ̀ wọ odi ti inú, èyí tí wọ́n ti ń kọ́ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, níbi tí àwọn àtẹ ìbọn àgbá bíi Robinett, Williams àti Powell wà. Ní ọjọ́ kejì, ìbọn àgbá Gúúsù bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní aago mẹ́rin ìdájí. Ó yẹ kí Hébert, ọ̀gágun Gúúsù tó wà ní ìhà òsì, kọlù wọ́n bí ilẹ̀ bá ti mọ́. Hébert kò jáde. Ó ránṣẹ́ pé ara òun kò yá. Kí wọ́n tó fi ẹlòmíràn sípò rẹ̀, aago mẹ́sàn-án ti kọjá.

Síbẹ̀, wọ́n wọlé. Wọ́n gba àtẹ ìbọn Powell, àwọn kan sì ya wọ inú ìlú, wọ́n ń jà láti ilé dé ilé títí wọ́n fi dé ẹ̀gbẹ́ òtẹ́ẹ̀lì Tishomingo, níbi tí ojú irin méjèèjì ti dábùú ara wọn. Ibi tí ẹ̀yin àti àwọn ọmọ yín dúró sí nìyẹn. Fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n wà lórí ohun tí wọ́n torí rẹ̀ wá. Àwọn tí yóò tẹ̀ lé wọn kò sì dé. Wọ́n lé wọn jáde.

Ní iwájú Robinett, ọ̀rọ̀ náà tún burú jù. Wọ́n ti gé gbogbo igi tó wà níbẹ̀ lulẹ̀, wọ́n dojú ẹ̀ka wọn kọ ẹni tó bá ń bọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni yàrà wà, lẹ́yìn yàrà ni ìbọn àgbá mẹ́ta. Kọ́nẹ́ẹ̀lì William Rogers ló ṣíwájú àwọn ará Texas. Wọ́n lọ, wọ́n dá wọn padà, wọ́n tún lọ. Àwọn tó wà níbẹ̀ sọ pé nígbà tí àwọn tó ń gbé àsíá ti ṣubú, Rogers fúnra rẹ̀ gbé e. Orí odi ni ó kú sí. Rosecrans ní kí wọ́n sin ín pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó tọ́ sí jagunjagun, ibojì rẹ̀ sì wà níbẹ̀ dòní. Fọ́tò òkú òun àti àwọn tí wọ́n jọ ṣubú wà pẹ̀lú, wọ́n tò wọ́n síwájú odi náà. Nígbà tó fi di nǹkan bí aago kan ọ̀sán, ogun ti parí. Gúúsù pàdánù ènìyàn bí 4,200, ìjọba àpapọ̀ bí 2,500, ní kíka òkú, àwọn tó fara gbọgbẹ́, àwọn tí wọ́n mú àti àwọn tó sọnù pọ̀. Ní ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, Bragg jà ní Perryville ní Kentucky, ó sì padà sẹ́yìn. Wọ́n gbé Van Dorn lọ síwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí ológun lórí bó ṣe darí ogun náà; wọ́n dá a láre, ṣùgbọ́n ọ̀gágun mìíràn, Pemberton, ti gba ipò rẹ̀.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà tó yẹ kí ẹ mọ̀. Van Dorn yìí kan náà fi ẹlẹ́ṣin bí 3,500 já wọ Holly Springs ní Mississippi, ó sì dáná sun gbogbo oúnjẹ àti ohun ìjà tí Grant kó jọ síbẹ̀ láti fi lọ gba Vicksburg. Ní ọjọ́ wọ̀nyẹn náà, Forrest, ọ̀gágun ẹlẹ́ṣin Gúúsù, ń ba ojú irin Mobile and Ohio jẹ́ ní Tennessee. Grant ní láti padà sẹ́yìn. Ohun tí 22,000 kò lè ṣe sí odi Corinth, ẹlẹ́ṣin díẹ̀ fi iná ṣe é sí ojú irin. Nítorí náà, bí ẹ bá bi mí bóyá ó yẹ kí wọ́n padà wá sí Corinth, èmi á ní ó yẹ kí wọ́n da ojú irin rẹ̀ láàmú, kì í ṣe kí wọ́n fi àyà wọn lu odi rẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ kí n dá ọmọ yín lóhùn. Ibi gbogbo ni àwọn ènìyàn dúdú wà. Iṣẹ́ ẹrú pọ̀ nínú kíkọ́ ojú irin Gúúsù. Àwọn ẹrú ló ń se oúnjẹ, tí wọ́n ń tọ́jú ẹṣin, tí wọ́n sì ń gbẹ́ ilẹ̀ fún ogun Gúúsù. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gba Corinth, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sá wọlé láti oko àwọn olówó wọn. Rosecrans pín àwọn ọkùnrin nínú wọn sí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni 25, wọ́n sì bá a ṣiṣẹ́ lórí odi ti inú tó dá Van Dorn dúró. Ẹ wò ó bẹ́ẹ̀: ẹni tó jẹ́ ẹrú lóko nígbà tí Beauregard sá jáde ní oṣù Karùn-ún lè wà lára àwọn tó mọ odi oṣù Kẹwàá.

Lẹ́yìn tí Lincoln kéde òmìnira, wọ́n wá sí i lọ́pọ̀ yanturu. Ọ̀gágun Grenville Dodge dá ibùdó sílẹ̀ fún wọn, ó sì di ìlú. Wọ́n kọ́ ilé, wọ́n la àdúgbò, wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn. Nígbà tó pọ̀ jù, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ tó 6,000, ìlọ́po márùn-ún iye àwọn tó ń gbé Corinth ṣáájú ogun. Wọ́n jọ dá oko, ní oṣù Karùn-ún ọdún 1863 èrè oko náà sì ti tó 4,000 sí 5,000 dọ́là. Nígbà tó fi di oṣù Kẹjọ, àwọn tó ti mọ ìwé kà níbẹ̀, ọmọdé àti àgbà, lé ní 1,000. Lábẹ́ òfin oko ẹrú, ìwé kíkà yẹn lè kó wọn sí wàhálà.

Àwọn ọkùnrin wọn gba ìbọn pẹ̀lú. Corinth ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan sílẹ̀, First Alabama Infantry, African Descent, tí wọ́n wá ń pè ní 55th United States Colored Infantry lẹ́yìn náà. Àwọn tó ti ibùdó yẹn wọ iṣẹ́ ogun fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2,000. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1864, nígbà tí Forrest fọ́n ogun ìjọba àpapọ̀ ká ní Brice's Crossroads, ní gúúsù Corinth, ẹgbẹ́ 55th wà lára àwọn tó dúró lẹ́yìn tí wọ́n ń jà kí àwọn yòókù lè rọ́nà sá.

Ibùdó náà kò pẹ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1863, wọ́n kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sí Memphis níbi tí ẹ wà yẹn, wọ́n sì fi ilé àti oko tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe sílẹ̀. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ kúrò ní Corinth. Gúúsù padà gba oríta wọn láìyin ìbọn, ṣùgbọ́n ojú irin ti bàjẹ́. Nígbà tí Hood, ọ̀gágun Gúúsù, fẹ́ gba ibẹ̀ pèsè oúnjẹ fún ogun rẹ̀ ní òpin ọdún 1864, ó jókòó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ní àríwá Alabama, ó ń retí ẹrù tí kò tètè dé.

Bí ẹ bá tún lọ, ibi méjì ni kí ẹ yà. Ilé àfihàn ìtàn ogun náà wà ní ibi tí Robinett wà, ibojì Rogers wà nítòsí rẹ̀. Ibi tí ibùdó àwọn tó sá fún oko ẹrú wà, ọ̀tọ̀ ni, ní ìhà ìlà-oòrùn ìlú; wọ́n ti fi àwọn ère bàbà síbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti ẹni tó ń kàwé. Kí ẹ kọ́kọ́ mú ọmọ yín lọ síbẹ̀ kí ẹ tó lọ wo àwọn ìbọn.